Owó Ìṣígò Lórí Àgbo Ẹ̀yìn Ríro

Òfin tí ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ náà ṣe nípa ọtí kò le rárá létí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan lè mú ìgò wáìnì kan, tí kò ju mílílítà 750 lọ, wọ inú ọkọ̀ ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ń gbéra. Inú àpò ọwọ́ ni kí ìgò náà wà, kí ó má ṣe sí nínú àpótí ńlá tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́wọ́ èrò ní èbúté, èdídí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ pinpin. Ọtí líle kò gbọdọ̀ wọlé, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Ẹni tí ó bá mu wáìnì rẹ̀ nínú yàrá tirẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mu ún nínú gbọ̀ngàn ìjẹun yóò san yúrò 15 gẹ́gẹ́ bí owó ìṣígò, nítorí pé agbọ́tí wọn ni yóò bá a ṣí i, ife wọn ni yóò sì fi mu ún. Ọmọ wa Fọláṣadé, tí ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Marseille, tí òun àti ọkọ rẹ̀ sanwó ìrìnàjò náà fún wa nígbà tí mo fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́, ni ó fi ohùn ka gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí.

Mo ṣírò owó náà lójú ẹsẹ̀. Iye tí ó wà nínú yúrò kan kò yí padà láti ọdún 1999, fráǹkì CFA tiwa 655 ó lé díẹ̀ ni. Ìyẹn ni pé wọn yóò gba fráǹkì 9,839 lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó yọ èdídí lẹ́nu ìgò tí kì í ṣe tiwọn. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń fi eyín ṣí ìgò bíà fún gbogbo ẹbí ní ọjọ́ ìkómọ àti ọjọ́ ìsìnkú, n kò sì gba fráǹkì kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Ìyàwó mi kì í fi ọtí kan ẹnu. Síbẹ̀, nígbà tí ó gbọ́ pé àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìgò kan, ó ní ẹ̀tọ́ òun kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ó ti ta aṣọ ní ọjà Ouando pẹ́, ẹni tí ó bá sì ti tajà ní Ouando pẹ́ kì í fi àyè tí kò sanwó rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Mo rò pé èmi ni yóò fi ẹ̀tọ́ náà ta lọ́rẹ, mo sì ti ń ronú oríṣi wáìnì tí n ó fi dí i. Ẹ̀yìn mi ni ó fi ẹ̀tọ́ náà ta lọ́rẹ. Ẹ̀yìn yìí a máa ro mí gan-an, pàápàá bí mo bá gun àtẹ̀gùn, ohun kan ṣoṣo tí ó sì ń gbọ́ ọ lọ́rọ̀ ni àgbo tí Ìyá Ráfíà, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tí ó wà ní Adjarra, máa ń ṣe fún mi. Egbò ìpẹ̀ta, eèru, atalẹ̀ àti kánáfùrù ni ó máa ń rẹ sínú sodabi. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ará ilé mọ sodabi, ọtí tí a ń pọ́n láti inú ẹmu, tí ìjọba Faransé fi òfin dè láyé àwọn bàbá wa tí òfin náà kò sì lè mú un. Ife kékeré kan ni mo ń mu ní òròòwúrọ̀ kí n tó fi nǹkan kan ẹnu.

Inú ìgò wáìnì Bordeaux kan tí wọ́n mu tán níbi ìgbéyàwó ni Ìyá Ráfíà rọ àgbo náà sí. Nítorí pé bàálù ni a fẹ́ wọ̀, tí kò sì fẹ́ kí ó jò sára aṣọ wa nínú àpótí, ó fi èdídí ìgò náà dé e padà, ó yọ́ àbẹ́là pupa, ó sì ri ẹnu ìgò náà bọ inú ìda náà léraléra títí ó fi bo ọrùn rẹ̀ dé ìdajì. Mo ti mọ obìnrin yìí tipẹ́, n kò sì rí i kí ó fi ara balẹ̀ ṣe ohun kan tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìda náà ń dán, ó tẹ́jú, ó sì ti ṣàn díẹ̀ wálẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn kan nínú àwọn tí ń ṣe wáìnì olówó ńlá ní Faransé a máa fi ìda dí ẹnu ìgò wọn báyìí gan-an, ṣùgbọ́n Ìyá Ráfíà kò mọ èyí, kò sì wá ìyìn ẹnikẹ́ni.

Ní Marseille, ọmọ wa ra ìgò wáìnì pupa kan fún mi láti Bandol, ìlú etíkun tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wọn. A dé èbúté pẹ̀lú ìgò méjì fún àgbàlagbà méjì, ohun tí òfin wí gẹ́lẹ́. Ọ̀gá tí ń wo ẹ̀rọ tí ń yẹ inú ẹrù wò ní kí a yọ méjèèjì jáde. Ó fi ojú fo ti Bandol, ó sì gbé e kalẹ̀. Ti Ìyá Ráfíà ni ó gbé sókè sí ìmọ́lẹ̀, tí ó fi àtàǹpàkò ra ìda ọrùn rẹ̀, tí ó sì pe ẹnìkejì rẹ̀ pé kí ó wá wò ó. Àwọn méjèèjì mi orí. Èkíní bá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ wé e sínú aṣọ padà, ó ní kí n rí i pé mo fi í lélẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, kí n má ṣe jẹ́ kí oòrùn pa á. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bi mí léèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ọmọlúàbí kì í sì í dáhùn ìbéèrè tí a kò bi í.

N kò ní pẹ́ lórí bí ọkọ̀ náà ti tóbi tó, tàbí bí wọ́n ti kó gbogbo wa jọ kí a tó gbéra láti kọ́ wa bí a ti ń wọ aṣọ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, tí ti ìyàwó mi kò sì gba orí gèlè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́ ni mo ń bọ̀ wá sọ. Mo wọ agbádá mi, mo dé gọ̀bì, mo sì na ọwọ́ sí ìgò Bandol tí ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ṣadé, níbo ni ẹ ń gbé ìyẹn lọ?"

Mo ní, "Ibi oúnjẹ."

Ó ní òun kò ní bá ọkùnrin tí ó wọ agbádá rìn láàárín àwọn aláwọ̀ funfun kí ó sì gbé ìgò ọtí dání, kí àwọn ènìyàn má baà rò pé ọ̀mùtí ni òun fẹ́. Ó pe ọmọkùnrin tí ń tún yàrá wa ṣe, ó fi ìka kọ́bọ́ọ̀dù hàn án, ó sì sọ pé, "Vin. Restaurant." Ọmọ náà tẹrí ba. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ìgò méjì ni ó wà níbẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ pé èmi ni a fi síwájú ìgò méjì náà láìmọ ohun kankan, èyí tí ó ní ìda ni èmi náà yóò gbé.

Nígbà tí a ó fi rìn dé gbọ̀ngàn ìjẹun, ìgò kan ti dúró lórí tábìlì wa nínú aṣọ funfun. Agbọ́tí dúró tì í. Ó ga, ó ti dàgbà díẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ kan ti ìbàdí rẹ̀, ohun tí mo rí ṣùgbọ́n tí n kò ronú lé lórí nígbà náà. Ó ṣí aṣọ funfun náà láti fi bébà ara ìgò hàn mí. Bordeaux ni mo rí, kì í ṣe Bandol. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ka ọdún tí ó wà lára bébà náà sókè, ó ń yin mí pé mo ní sùúrù láti tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó wà ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ wa sì ti yí ọrùn padà. Ìyàwó mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ó ṣe é tán. Wọ́n ti ń wò wá."

Ó fi ọ̀bẹ kékeré gé ìda náà yíká, kò jẹ́ kí ẹ̀rún kan já sórí aṣọ tábìlì. Ó fa èdídí náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ìgò náà sí ìmọ́lẹ̀, tí ó sì rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀. Wáìnì tí ó bá ti pẹ́ a máa ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nítòótọ́, ohun tí wọ́n sì máa ń ṣe ni pé wọn yóò rọra yí i sínú ìgò dígí ẹlẹ́nu gbàgàdà, wọn yóò tan iná sẹ́yìn ọrùn ìgò kí wọ́n lè mọ ìgbà tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá fẹ́ tẹ̀ lé e, kí wọ́n sì dáwọ́ dúró. Ó ránṣẹ́ lọ mú àbẹ́là wá. Ó tàn án. Ó ń yí àgbo Ìyá Ráfíà díẹ̀díẹ̀, kò mí, àwa náà kò mí, títí èso eèru kan fi yọ sí ọrùn ìgò náà, tí ó sì jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí ń yọjú wo ilé bóyá wọ́n ti sè.

Agbọ́tí wo eèru náà. Eèru náà wò ó. Ó dáwọ́ dúró.

Ìwọ̀n bí ẹ̀kún ẹnu kan ni ó kọ́kọ́ bù fún mi láti tọ́ wò, nítorí pé àṣà wọn ni pé onígò ni yóò sọ bóyá ọtí náà dára. Mo dà á mì lẹ́ẹ̀kan náà gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ó dára, Ìyá Ráfíà kò dín nǹkan kan kù, mo sì sọ fún un pé ó dára. Ìgbà náà ni ó tọrọ àyè pé kí òun náà tọ́ díẹ̀ wò, nítorí pé irú rẹ̀ kò kan òun lọ́wọ́ rí. Ta ni yóò kọ̀? Ó yí ife náà lọ́wọ́, ó ki imú bọ̀ ọ́. Ìpẹ̀ta ní òórùn kan tí ó jọ ti oògùn ìpara tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fi ń ra orúnkún, òórùn náà sì ti kúrò lórí tábìlì wa tipẹ́. Mo gbọ́ tí obìnrin kan lẹ́yìn mi ń bi ọkọ rẹ̀ léèrè bóyá òun ni ó para. Agbọ́tí mu tirẹ̀.

Kò kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó di tábìlì wa mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń tẹ dùùrù fi dúró. Olórí àwọn tí ń gbé oúnjẹ sáré dé, ó bi mí léèrè irú wáìnì tí èyí jẹ́ gan-an. Èmi tí mo ti fi Faransé kọ́ ọmọ àwọn ènìyàn títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ ju pé ti ẹ̀yìn ríro ni, àti pé òwúrọ̀ ni a máa ń lò ó.

Ọ̀gá náà gbóòórùn rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọtí líle ni. Ó ní òun yóò gbà á, òun yóò dá a padà ní alẹ́ tí ó kẹ́yìn, bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ra ọtí ní èbúté tí a bá dúró sí. Mo gbà. Ohun tí n kò gbà ni ìwé owó tí ó tún gbé kalẹ̀, yúrò 15, owó ìṣígò. Mo ní bí ohun tí ó wà nínú ìgò bá jẹ́ wáìnì, kí ó fi í sílẹ̀ fún mi, kí n sanwó. Bí kò bá sì jẹ́ wáìnì, owó ìṣígò wáìnì kò kàn án. Kí ó mú ọ̀kan. Títí di òní ni mo ṣì rò pé ọ̀rọ̀ náà kò ní èsì. Ó dáhùn pé wọ́n ti ṣí ìgò náà, èdídí rẹ̀ nìyí, ìda rẹ̀ nìyí, àbẹ́là ṣì ń jó.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ sanwó náà, Bàbá Ṣadé. Àwọn ènìyàn fẹ́ jẹun."

Mo sanwó. Bandol mi ni mo mu nínú yàrá ní àwọn alẹ́ tí ó tẹ̀ lé e, lọ́fẹ̀ẹ́, nínú ife tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa láti fi fọ ẹnu. Ó dára, bí ó tilẹ̀ lẹ́ mọ́ ahọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe ẹ̀yìn ní oore kankan. Ní Genoa, òpópónà tí ó ń gòkè ni mo pàdé. Ní Naples, àtẹ̀gùn ni. Mo ń fi ẹ̀yìn títẹ̀ rìn, mo di ìbàdí mú, àwọn tí a jọ wà nínú ọkọ̀ sì ń ra limoncello káàkiri, ọtí ọsàn kíkan tí wọ́n mọ̀ pé wọn yóò gbà lọ́wọ́ àwọn ní ẹnu àtẹ̀gùn ọkọ̀. Agbọ́tí nìkan ni mo rí tí ó ń nà sí i. Alaalẹ́ ni ó ń wá kí wa, ojoojúmọ́ ni ìkíni rẹ̀ sì ń gùn sí i, kò fọwọ́ kan ìbàdí mọ́.

Ní alẹ́ tí ó kẹ́yìn, nígbà tí gbogbo èrò tò láti gba ọtí wọn, òun fúnra rẹ̀ gbé tiwa wá sí yàrá. Ìgò náà kún dé èjìká rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa. Ó ti fi púpọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bébà ara rẹ̀. Ó ní díẹ̀ a máa ṣòfò bí a bá ń yí nǹkan láti inú ìgò kan sí òmíràn. Lẹ́yìn náà ni ó wẹ̀yìn wò, tí ó sì bi ìyàwó mi léèrè, ní ohùn jẹ́jẹ́, bóyá a lè bá òun rí ìgò kan gbà láti ìlú wa.

Faransé tí ìyàwó mi mọ̀ jù lọ ni ti iye owó. Ó wo ọkùnrin náà láti òkè dé ilẹ̀, ó wo ibi tí àgbo dé nínú ìgò, ó sì dá iye kan lé e tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wúkọ́. Agbọ́tí ní owó náà ga. Ìyàwó mi ní kò ga, owó ìṣígò ti wà nínú rẹ̀.