Ohun tí mo kọ́ lẹ́yìn tí a ra àpótí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta

Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ni mí ní ilé-ìwé girama aládàáni kan ní Kubwa, ní Àbújá, àbójútó ohun ìní ilé-ìwé sì wà lára iṣẹ́ mi. Àpótí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó fóònù wọn sí kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni a rà á kí a tó ra èyí tó tọ́, owó tí àwọn òbí san ni a sì fi kọ́gbọ́n.

Ẹni tó bá ń gbé Àbújá yóò mọ ìdí tí a kò fi lè pàṣẹ pé kí ọmọ má mú fóònù wá rárá. Láti Dutse Alhaji, Dei-Dei àti Zuba ni àwọn ọmọ wa ti ń wá, mọ́tò ojú títì ni ọ̀pọ̀ wọn ń wọ̀, ẹ̀rù àwọn olè tí a ń pè ní one chance kò sì jẹ́ kí ọkàn òbí balẹ̀ bí kò bá lè pe ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Mi ò lè bá òbí jà lórí ìbẹ̀rù yẹn. Nítorí náà, a ń gba fóònù lọ́wọ́ wọn láàárọ̀, a sì ń dá a padà lọ́sàn-án, bí a bá sì ti gba nǹkan onínǹkan pamọ́, àwa ni yóò dáhùn bí ó bá sọnù.

Káfíńtà kan ní Kugbo, níbi tí wọ́n ti ń kan àga àti tábìlì, ló kan àkọ́kọ́ fún wa: àpótí pákó olójú 40, ojú kan fún fóònù kan, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ńlá kan ṣoṣo ló bo gbogbo rẹ̀, àgádágodo kan ni a sì fi ń tì í. Láàárọ̀, kò ní wàhálà kankan, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọmọ ń dé. Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ni ìṣòro rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí agogo bá ti lù, gbogbo wọn yóò ya bo ilẹ̀kùn kan náà, ọwọ́ mẹ́wàá yóò wọ inú rẹ̀ pọ̀, olùkọ́ tó dúró tì í kò sì ní mọ ẹni tó mú ti ta ni. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan ní SS2 dé ojú tirẹ̀, ó bá a lófìfo. A tú báàgì gbogbo kíláàsì, ojú ti àwọn ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, a kò rí fóònù náà, ilé-ìwé sì san owó rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ yẹn ni mo kà sí pàtàkì jù lọ: àkókò ìjádè ni kí ẹ fi yan àpótí fóònù, kì í ṣe àkókò ìwọlé. Kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín nígbà tí agogo ìjádè bá lù, ẹ wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń rọ́ jáde, kí ẹ sì bi ara yín bóyá kálukú yóò lè mú tirẹ̀ láìfọwọ́ kan ti ẹlòmíràn. Èyí náà ló jẹ́ kí n fara mọ́ àpótí kéékèèké fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan ju àpótí ràgàjì kan fún gbogbo ilé-ìwé lọ.

Nígbà tí a fẹ́ ra èkejì, ohun ìgbàlódé ni ojú wa wà. Irin ni, ojú kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, ìtẹ̀ka ni wọ́n sì fi ń ṣí i. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa títí ọyẹ́ fi dé. Orí ìka àwọn ọmọ gbẹ, ó là, ẹfun ìkọ̀wé tún wà lára rẹ̀, ẹ̀rọ náà kò sì dá wọn mọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí iná lọ, tí bátìrì inú rẹ̀ náà sì ti kú, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ tó kẹ́yìn tó rí fóònù rẹ̀ gbà, àwọn òbí wọn sì ti ń pè wá láìdáwọ́ dúró. Òbí kan tó jẹ́ agbẹjọ́rò tún bi wá léèrè ẹni tó fún wa láṣẹ láti gba ìtẹ̀ka ọmọ rẹ̀. Òótọ́ ni ó sọ. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka irú àmì ara bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ ju orúkọ àti àdírẹ́sì lọ, àwa kò sì bi òbí kankan kí a tó gbà á. A tọrọ àforíjì, a pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta àpótí oníná fún yín, ẹ kọ́kọ́ ní kí ó yọ iná rẹ̀ lójú yín, kí ó sì fi bí ẹ ó ṣe ṣí i hàn yín.

Ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan ní Dei-Dei ni a ti ṣe ẹ̀kẹta, kọ́kọ́rọ́ lásán ni a sì padà sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ojú kọ̀ọ̀kan. Irin tó nípọn tó mìlímítà kan ni mo béèrè fún. Ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé bí nọ́ńbà géèjì irin bá ṣe ń ga sí i ni irin náà ń fẹ́lẹ́ sí i, nítorí pé àwọn tó ń tajà máa ń pe nọ́ńbà ńlá bí ẹni pé ohun tó dára jù ni. Mo ti àtàǹpàkò mi bọ igun ilẹ̀kùn kan tí a ti tì pa nínú àpótí tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí, mo sì fà á díẹ̀. Ńṣe ni ó ká bí ìdérí agolo bisikíìtì, àyè tó ṣí sílẹ̀ sì gba ọrùn ṣíbí. Mi ò rà á.

Lẹ́yìn náà ni mo dán kọ́kọ́rọ́ wò. Mo mú kọ́kọ́rọ́ mẹ́wàá, mo ń ti ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ojú 7 ṣí ojú 19 pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ó ya wẹ́dà náà fúnra rẹ̀ lẹ́nu, torí pé ó ra wọn lọ́jà bẹ́ẹ̀ ni. Irú kọ́kọ́rọ́ olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ kì í ní ju oríṣi eyín díẹ̀ lọ. A pààrọ̀ gbogbo wọn kí n tó sanwó tó kù. Ìdánwò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fò ó.

Fóònù ńlá ayé òde òní ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 16, ó sì ń fẹ̀ tó 8, nítorí náà a jẹ́ kí inú ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 sí 12, kí ó lè gba fóònù pẹ̀lú àpò rẹ̀. A dá ihò tóóró sí iwájú ilẹ̀kùn, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí ìka kò sì lè gbà kọjá. Ihò yẹn ni olùkọ́ ń yọjú wò láti rí i pé fóònù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ọmọ kan ti máa ń fi fóònù tó ti kú sílẹ̀ fún wa, tí wọn yóò sì fi èyí tó ń ṣiṣẹ́ sínú ìbọ̀sẹ̀. Bí ìfura bá wà, olùkọ́ yóò ní kí ọmọ tan án, kí ó sì tún pa á lójú òun. A fi bóòtì de àpótí náà mọ́ ògiri bulọ́ọ̀kù, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kò dé. Èyí tó ṣáájú wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, nínú ooru oṣù kẹta ọdún, a sì bá fóònù kan tí bátìrì rẹ̀ ti wú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ṣí. Láti ìgbà yẹn, a kì í gba fóònù tó bá ti wú, a kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣájì nínú àpótí.

Ní àkókò ìdánwò WAEC, ẹ má fi àpótí náà sí ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn ìdánwò. WAEC lè fagi lé gbogbo èsì ọmọ tí wọ́n bá ká fóònù mọ́ lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn, yálà ó lò ó tàbí kò lò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Utako, béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi nítorí pé àṣírí àwọn oníbàárà wà lórí kọ̀ǹpútà wọn, wọn kì í sì í mú fóònù wọnú yàrá iṣẹ́. Mo sọ fún un pé àgbàlagbà kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé: kí olúkúlùkù mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ́rùn, kí àpótí sì wà níbi tí wọn ó ti lè máa rí i. Ó gbà. Òun ló sì wá fi ohun tí mi ò rò hàn mí. Ìpín méjì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ń wọlé sì ń dé kí àwọn tó ń jáde tó mú fóònù wọn, nítorí náà ojú àpótí gbọ́dọ̀ tó ìpín méjèèjì, kì í ṣe ìpín kan. Ó tún ya fóònù ọ́fíìsì kan sọ́tọ̀, ó sì ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ fún ará ilé wọn ní nọ́ńbà rẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn nílé kò lè fọkàn sí iṣẹ́ bí kò bá sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà pè é.

Ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ kejì wà nínú àpòòwé tí èmi àti ọ̀gá ilé-ìwé jọ fọwọ́ sí, a kì í sì í ṣí i àfi kí a jẹ́ méjì. Ní sáà tó kọjá, àìsàn ṣe ọmọkùnrin kan lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ sáré wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ilé-ìwé dá wáí, ojú 23 ṣì wà ní títì. Mo pe ìyá náà, ó ní òun yóò wá ní ọjọ́ kejì, kí a má ṣe tú àpòòwé nítorí òun. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé fóònù kan sùn sí ojú 23, mo kọ aago sí i, mo sì fún olùṣọ́ òru ní bírò kí òun náà fọwọ́ sí i.