Tí owó ìrànwọ́ bá dé bá ẹ lórí àìsàn: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà Kòrónà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ èèyàn, pàápàá ẹ̀yin tí wọn ò fún níwèé ìgbanisíṣẹ́ kankan, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2020, ìjọba àpapọ̀ san owó kan fáwọn òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá wọn ò rówó oṣù san mọ́ nítorí Kòrónà. Payroll Support ni wọ́n ń pè é, ó wà lábẹ́ Survival Fund, ₦30,000 sí ₦50,000 lóṣù, fún oṣù mẹ́ta. Àwọn tá a jọ ń dáná ní òtẹ́ẹ̀lì kan níbí ní Òṣogbo gbà á. Èmi ò rí kọ́bọ̀ gbà, torí pé ẹsẹ̀ mi dá lásìkò yẹn, mi ò lè dúró nídìí iná.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí owó yẹn ṣe ń rìn, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ló ń kọ fọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀ o. Ọ̀gá ló máa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á fi nọ́ńbà CAC, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ ilé iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, síbẹ̀, á wá to orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ sí i. September 21 ni wọ́n ṣí i fáwọn ilé ìwé, ó wá kan àwọn òtẹ́ẹ̀lì, kó tó kan àwọn yòókù. Owó náà ò gba ọwọ́ ọ̀gá kọjá, tààrà ló ń wọ akáǹtì òṣìṣẹ́, ẹni tó ronú ìyẹn kàn gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ orúkọ? Ọ̀gá náà ni. Tí kò bá ti kọ ẹ́, lójú ìjọba, o ò ṣiṣẹ́ níbì kankan nìyẹn.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ìlú pa ni wọ́n ti ní ká máa lọ sílé. A gbójú lé oṣù August, torí ẹni bá mọ Òṣogbo á mọ̀ pé asìkò ọdún Ọ̀ṣun làwọn òtẹ́ẹ̀lì ń jẹun, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn wọn ò gba èrò láyè, àwọn tó ni ọdún ló ṣe é láàárín ara wọn, kò sí àlejò kankan tó fẹ́ gba yàrá. Kó tó dìgbà yẹn gan-an, ọ̀kadà tó gbé mi láti Òkè-Baálẹ̀ ti yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì jókòó lé mi lẹ́sẹ̀. Ní ọsibítù wọ́n fi POP sí i, dókítà kọ excuse duty, ìwé pé kí n má ṣiṣẹ́, fún mi fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo fi rán Ìyá Ìbejì tá a jọ wà ní kíṣìnnì sí mánéjà wa. Kó tó di pé ìwé yẹn parí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ní kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun lọ́nà Ìkìrun. Mi ò lè parọ́, ọwọ́ bàbá yẹn dáa, àwọn ni mo fi ń rìn gaara lónìí. Wọ́n ní òrí, wọ́n ní àgbo, wọ́n ní pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀. Òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń lu ìwé àìsàn ni wọn ò ní.

Ohun tí mánéjà sì rí dì mú nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó pè mí nígbà tí wọ́n ń gba orúkọ. Ìgbà tí álẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ wọlé ni Ìyá Ìbejì wá kí mi, ó mú ẹgbẹ̀rún méjì lọ́wọ́, ó ń sọ ọ́ tìtìjú-tìtìjú bí ẹni tó jẹ mí lówó. Nígbà tí mo wá lè fi ọ̀pá rìn, mo lọ. Ọmọbìnrin tó máa ń jókòó níwájú ló ṣí ìwé tí wọ́n kọ orúkọ sí hàn mí. Wọ́n fi rúlà fàlà sí i, orúkọ, nọ́ńbà akáǹtì, BVN, fóònù. Orúkọ mi wà níbẹ̀! Wọ́n wá fi bíírò fa ìlà gba orí ẹ̀ kọjá, ojú BVN ṣófo, wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé "kò sí níṣẹ́".

Mánéjà ní, "Ìwé tó o fi ránṣẹ́ ti parí tipẹ́, a rò pé o ti wáṣẹ́ síbòmíì." Mo ní, "Ọ̀gá, pẹ̀lú ẹsẹ̀ wo?" Ó ní àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ìjọba ní kóun kọ. Mo ní ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú wa nígbà yẹn, ṣebí ẹni méjì-mẹ́ta ni wọ́n ń pè lọ́jọ́ tí àlejò bá wà, ilé ni gbogbo àwọn tó kù wà, ilé lèmi náà wà, kí ló wá dé tó jẹ́ pé ilé tàwọn ń jẹ́ iṣẹ́, tèmi wá ń jẹ́ ìsáńsá? Kò dáhùn. Ó ní wọ́n ti ti fọ́ọ̀mù pa.

Àǹtí mi tó wà ní London ní kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Lọ́dọ̀ wọn nígbà yẹn, ìjọba ń san ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù fẹ́ni tí kò níṣẹ́ ṣe nítorí Kòrónà, kò sáà ti ní ju £2,500 lóṣù lọ, ṣùgbọ́n tára ẹni náà ò bá yá, ọ̀gá ẹ̀ ló ń pinnu bóyá á wọ inú ètò yẹn tàbí á wà lórí owó àìsàn, tíyẹn ò sì ju £95.85 lọ́sẹ̀. Ọwọ́ ọ̀gá kan náà ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá máa gba ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ lọ, ẹ lọ o, èmi náà lọ, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gba ìwé ní ọsibítù, tí ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ẹ̀ bá sì ti fẹ́ pé, ẹ padà lọ gba òmíì kódà bó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n máa pọ̀n yín lọ. Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, tiẹ̀ sọ ọ́ pé tí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ bá jẹ́rìí sí àìsàn òṣìṣẹ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó iṣẹ́ ọjọ́ méjìlá lọ́dún. Ọjọ́ méjìlá ò tó nǹkan lóòótọ́, àmọ́ ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé òfin gbà pé aláìsàn ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ má fi ìwé yẹn rán èèyàn lásán, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sí mánéjà lórí WhatsApp, kí déètì wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé mi ò fiṣẹ́ sílẹ̀ o, mò ń bọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀nà ibiṣẹ́ lẹ ti fara pa, ti NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, tún yàtọ̀, òfin 2010 tó dá lé e ka ọ̀nà láti ilé sí ibiṣẹ́ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ ṣáà ti sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Tèmi ò bọ́ síbẹ̀, ọjà ni mò ń lọ.

Ẹ rí i pé ẹ ní ẹnì kan níbiṣẹ́ tó máa bá yín béèrè bóyá wọ́n ti kọ orúkọ yín, láìṣe pé ó ń ṣòfófó. Ìyá Ìbejì fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n ó rò pé wọ́n ti kọ mí ni, mi ò bá a jà.

Oṣù October yẹn náà ni wọ́n já ilé ìkẹ́rùsí wọ̀ ní Ẹdẹ tí wọ́n ń kó oúnjẹ Kòrónà. Aládùúgbò kan gbé ìrẹsì wá fún mi níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí, mi ò béèrè ibi tó ti rí i. Òun nìkan ni ìrànwọ́ tó kàn mí.

Ẹ tún yẹ BVN yín wò. Ẹnì kan wà tí wọ́n kọ sínú lísìtì, owó ò wọlé, orúkọ bàbá ẹ̀ ló wà lórí BVN, orúkọ ọkọ ẹ̀ ló fún mánéjà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ìwọ náà, mú ìwé ìgbéyàwó àti àfídáfíìtì lọ sí báǹkì, kó o sì tètè lọ láàárọ̀, torí ìlà ibẹ̀ gùn.