Owó Tí Àwọn Báǹkì Amẹ́ríkà Ń Du Mọ́ Ara Wọn Lọ́wọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ báǹkì, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́kọ̀ọ́ nípa báǹkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, mo rò pé ẹni tó fẹ́ yáwó ni wọ́n ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ẹni tó fẹ́ fi owó pamọ́ ni wọ́n ń wá lójú méjèèjì. Báǹkì tó bá rí owó gbà lọ́wọ́ aráàlú pẹ̀lú èlé kékeré, tí owó náà sì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lè yáni lówó ní èlé tó kéré débi pé báǹkì mìíràn yóò jẹ gbèsè bí ó bá ní òun náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin kì í jẹ́ kí àwọn báǹkì la ẹ̀ka sí ìpínlẹ̀ mìíràn, èyí sì wà lára ohun tó mú kí iye wọn lé ní 14,000 láàárín àwọn ọdún 1980. Òfin Riegle-Neal ti 1994 ló ṣí ibodè, àwọn ńlá ń ra àwọn kékeré, wọn kò sì tó 5,000 mọ́ lónìí. Òfin yìí kan náà ni ó sọ pé báǹkì kankan kò gbọdọ̀ tipasẹ̀ ríra báǹkì ìpínlẹ̀ mìíràn kó ju ìdá 10 nínú 100 owó ìfipamọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè náà sọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ Silicon Valley Bank, báǹkì kan ní California tó wó ní 2023, ló la ojú mi jù lọ. FDIC, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933, ń ṣe adójútòfò $250,000 fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní báǹkì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ohun tó lé ní ìdá 90 nínú 100 owó tó wà ní báǹkì yìí ló kọjá ààlà náà, ti àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n mọ ara wọn dáadáa. Báǹkì náà ti fi owó wọn ra ìwé gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn nígbà tí èlé ṣì kéré. Bí èlé ṣe gòkè láti 2022, iye ìwé wọ̀nyẹn já wálẹ̀, nítorí ìwé tuntun ń san èlé jù wọ́n lọ. Ẹ̀rù ba àwọn oníbàárà; ní March 9, 2023, wọ́n gba $42 bílíọ̀nù jáde ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ìjọba sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbé ìwé ìṣirò báǹkì, èrè kọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, bí kò ṣe ẹni tó ni owó inú rẹ̀.

Ìjọba kéde pé gbogbo oníbàárà yóò rí owó wọn gbà, síbẹ̀ owó ń ṣí kúrò ní àwọn báǹkì àárín lọ sí àwọn ńlá. Báǹkì First Republic wó ní May 1, báǹkì ńlá JPMorgan Chase ló sì rà á, bí ó tilẹ̀ ti kọjá ìdá 10 tẹ́lẹ̀, nítorí òfin náà kò ka ríra báǹkì tó ti ń kú léèwọ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni àlàfo rẹ̀ tó tóbi jù wà.