Kóòtù kò ní gbọ́ ìtàn yín lẹ́ẹ̀kejì

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Ọsirélíà, bí wọ́n bá kọ físà ààbò yín, tí Administrative Review Tribunal (ìgbìmọ̀ tó ń tún ìpinnu ìjọba gbé yẹ̀ wò) náà tún kọ̀ ọ́, kóòtù tí wọ́n ń pè ní Federal Circuit and Family Court ló kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ síbẹ̀ lọ ro ẹjọ́ ohun tí ojú yín rí nílé. Adájọ́ ibẹ̀ kò lágbára láti fún ẹnikẹ́ni ní físà. Ohun tó ń wò ni bóyá àwọn tó kọ̀ yín tẹ̀lé òfin. Bí wọn ò bá tẹ̀lé e, á fagi lé ìpinnu wọn, á ní kí wọ́n lọ tún ẹjọ́ náà gbọ́.

Nítorí náà, ìwé ìpinnu Tribunal yẹn gan-an ni kí ẹ jókòó tì. Èmi sá kúrò nílé torí pé àwọn ẹbí ọkọ mi fẹ́ fi tipátipá ṣú mi lópó. Nígbà ìgbẹ́jọ́, mo ṣàlàyé pé Èkó ni mo kọ́kọ́ sá lọ, àti pé àbúrò ọkọ mi wá mi kàn níbi tí mo ti ń tajà. Lọ́yà mi mú bírò, ó fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí wọ́n ti dárúkọ Èkó nínú ìwé náà. Wọ́n kọ ọ́ pé mo lè máa gbé Èkó láìséwu. Ti àbúrò ọkọ mi ńkọ́? Wọn ò sọ pé àwọn gbà á gbọ́, wọn ò sì sọ pé irọ́ ni. A béèrè fún ohùn ìgbẹ́jọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ ketekete. Òun la gbé síwájú adájọ́, òun ló sì mú kí wọ́n dá ẹjọ́ mi padà sí Tribunal. Ká ní ohun tí mo ń sọ ò ju pé wọ́n rẹ́ mi jẹ lọ ni, mi ò bá má rí nǹkan kan gbà.

Ọjọ́ 35 ni òfin fún yín láti gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Ọjọ́ tí Tribunal ṣe ìpinnu ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rí lẹ́tà. Èèyàn lè bẹ kóòtù fún àfikún àkókò, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e. Ẹ tún béèrè nípa bridging visa (físà onígbà díẹ̀ tó ń jẹ́ kéèyàn wà nílùú lábẹ́ òfin títí ẹjọ́ á fi parí) kí èyí tó wà lọ́wọ́ yín tó kú, torí pé ẹjọ́ tí ẹ pè kò sọ ọ́ di tuntun fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá sì pàdánù, wọ́n lè ní kó san owó lọ́yà Mínísítà ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ físà, tó pè lẹ́jọ́. Bí lọ́yà tó mọṣẹ́ bá ka ìwé ìpinnu yín tán tó ní òun ò rí àṣìṣe òfin kankan, ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù pé orúkọ wọn á jáde, pé àwọn ará ilé á rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin kò gbà kí kóòtù gbé orúkọ ẹni tó ń béèrè ààbò jáde. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n fi rọ́pò tèmi.