Ọ̀lẹ̀lẹ̀ Òyìnbó Nílé Àlájà

Ìyàwó àbúrò mi kò gbà pé oúnjẹ kan wà láyé tí èèyàn ò lè fi elégédé sè. Ọmọ Haiti ni, Montréal ní Kánádà sì ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ó ní bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé lọ́hùn-ún, tí ewé ń já bọ́ lórí igi, elégédé ló máa ń kún ọjà. Wọ́n á fi ṣe táàtì, ìyẹn àkàrà òyìnbó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń rọ elégédé aládùn sí láàárín, fún ọjọ́ ìdúpẹ́ wọn tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ Ajé kejì nínú oṣù náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó múlé tì wọ́n ń ṣe tiwọn ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù kọkànlá, elégédé náà ni. Bó bá di Nọ́ẹ̀lì, elégédé. Bó bá wá di ọjọ́ kìíní ọdún, kò sí ibi tí ọmọ Haiti wà tí kò ní gbé ìkòkò ọbẹ̀ elégédé kaná. Soup joumou ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ yẹn, lọ́dún 1804, ni wọ́n kéde òmìnira wọn kúrò lábẹ́ Faransé. Ní ayé ẹrú, àwọn ẹrú ló ń se ọbẹ̀ ọ̀hún, àwọn olówó wọn ló ń jẹ ẹ́. Ní báyìí, gbogbo wọn ló ń jẹ ẹ́ ní àjẹyó, UNESCO pàápàá sì ti kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà tó yẹ kí aráyé tọ́jú, lọ́dún 2021.

Ìyá wa gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ní, "Elégédé yìí náà? Èyí tí à ń já gbọ̀ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ọbẹ̀?"

Lóṣù kejìlá, tọkọtaya náà wá ṣọdún lọ́dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ìyàwó ní òun á se méjèèjì fún wa: aládùn fún Nọ́ẹ̀lì, alátà fún ọdún tuntun. Èmi ni mo lọ ra elégédé ní ọjà Wàndó. Ìyá tó tà á fún mi búra pé láti Kétu ni wọ́n ti kó o wá, ó fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì gbówó lé e nítorí ohùn yẹn.

Àárín Ìyàwó àti Ìyá wa ti gún kí a tó dáná. Ó ti sọ fún wọn pé láàárín àwọn tó ń bọ òrìṣà nílẹ̀ Haiti, agbo kan wà tí wọ́n ń pè ní Nago, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí, Ògún sì ni aṣáájú wọn. Ìyá wa tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ dìde, wọ́n gbá a mọ́ra, wọ́n ní, "Mo ti mọ̀ látìgbà tí mo ti rí etí rẹ̀."

Elégédé náà lómi ju bí Ìyàwó ṣe rò. A sè é, a gún un, omi ń ṣàn. Ó ní bí omi yẹn ò bá kúrò, ìsàlẹ̀ táàtì á rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, kò sì sí ohun tí ó máa ń fi fún un nílé wọn lọ́dọ̀ wa. Ìyá wa ò wí nǹkan kan. Wọ́n gbé asẹ́ ògì wọn jáde, wọ́n da elégédé sínú rẹ̀, wọ́n di ẹnu rẹ̀, wọ́n sì gbé ọlọ lé e lórí. Nígbà tó di ọ̀sán, ohun tó kù nínú asẹ́ gbẹ débi pé èèyàn lè fọwọ́ bù ú láìkán. Ẹyin, mílíìkì inú agolo, ṣúgà, atalẹ̀, kànáfùrù àti kánẹ́ẹ̀lì lílọ̀ tó gbé wá láti Montréal ló pò mọ́ ọn. Ìyẹ̀fun àti bọ́tà tó fẹ́ fi ṣe ìsàlẹ̀ ló fún wa níyọnu: oòrùn ọ̀sán ń yọ́ bọ́tà, ìgò bíà la sì fi ń yí i pẹlẹbẹ. Èmi ò rò pé ó yẹ kí èèyàn da ṣúgà sí elégédé, mi ò sì tíì yí ọkàn padà, àmọ́ òórùn tó ń jáde nínú abọ́ yẹn, kí n má purọ́, ó fa èèyàn.

A ò ní ààrò tó lè yan an. Ó kù sọ́wọ́ oníbúrẹ́dì àdúgbò. Igi ló fi ń dáná, bó bá sì ti kó búrẹ́dì alẹ́ jáde tán, ooru tó ṣẹ́ kù nínú ààrò ló fi ń bá ará àdúgbò yan ẹran ọdún. Alẹ́ Nọ́ẹ̀lì, abọ́ tò lọ rẹrẹ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, gbogbo wọn ló fi bébà onífàdákà bo orí. Ọmọ iṣẹ́ ń fi èédú kọ nọ́ńbà sórí bébà, ó sì ń fún oníkálukú ní páálí tó ní nọ́ńbà kan náà. Tiwa ni 6.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé abọ́ wa rí roboto. Abọ́ roboto kò lórí, kò nídìí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi la rán lọ gbà á. Ó gbé e dé, Ìyá wa sì wò ó bí bébà ṣe ga sókè láàárín, wọ́n ní, "Ẹ wò ó bó ṣe wú!" Ìyàwó ní táàtì kì í wú. Ìyá wa ní ti Montréal ni kì í wú. A kó gbogbo ilé jọ, àbúrò mi dá gbogbo wa dúró kí òun fi fóònù ya fídíò, Ìyàwó ṣí bébà.

Pẹ́pẹ́yẹ ló jókòó síbẹ̀, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀, ọrùn rẹ̀ ká sẹ́yìn bí ẹni tó sùn lọ nínú takisí.

Ìyàwó ò lè sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Kí n tó sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, àbúrò mi ti já ẹsẹ̀ kan, ó ní òun ń wò ó bóyá ó jinná.

Mo bo abọ́, mo fa ọmọ náà lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì. Ó yí abọ́ síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún: 9, 6, 9. Ó ní Àlájà kan tó ń gbé lẹ́yìn Mọ́ṣáláṣí Ńlá, èyí tí wọ́n kọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bràsíì, ló ni 9. Mo mọ Àlájà. Gbogbo Àjàṣẹ́ ló mọ Àlájà. A gun zémíjàn, ọ̀kadà tiwa níbí, mo gbé pẹ́pẹ́yẹ lé itan.

Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ ohùn wọn. Ìyàwó ọmọ wọn ni wọ́n ń bá wí: ọmọ wọn ti Kutọnu dé, wọ́n ní kó yan pẹ́pẹ́yẹ, ó sì yan ọ̀lẹ̀lẹ̀, ó jọ pé ó ti ta pẹ́pẹ́yẹ. Obìnrin náà ń búra, ó ń sunkún. Bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló ń jẹ ẹ́ o! Wọ́n ti gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n da ata díndín lé e lórí, òróró pupa ń ṣàn yí abọ́ ká. Àlájà bù ú sẹ́nu, wọ́n ní, "Ẹ̀wà rẹ̀ ò ye mi. Àmọ́ ata yẹn bá a mu."

Kí n tó kí wọn tán, wọ́n ti ki ègé kan bọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ 6 àti 9. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá bi ọmọ náà pé, "Kí ni wọ́n fi ṣe é gan-an?"

Oúnjẹ kún ọmọ lẹ́nu. Ó ní, "E'é'édẹ́."

Àwo já lọ́wọ́ Àlájà.

"Ẹlẹ́dẹ̀?"

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ figbe ta. Mo mọ̀ pé Àlájà gbá bùtà àlùwàlá mú, wọ́n ń yọ ẹnu, wọ́n ń tutọ́, wọ́n ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn tò sẹ́yìn wọn, àwọn náà ń retí bùtà. Èmi ń pariwo, "Elégédé ni, Àlájà! E-lé-gé-dé! Tó ní gbọ̀ọ̀rọ̀!" Wọ́n ní ìgbà wo ni elégédé di ohun tó ń dùn bí oyin, wọ́n ní kí n má fi irọ́ kún ẹ̀ṣẹ̀.

Mo pe Ìyá wa lórí fóònù, mo gbé e sí Àlájà létí. Àwọn méjèèjì ti jọ tajà rí. Mi ò gbọ́ ohun tí Ìyá wa ń sọ, ti Àlájà nìkan ni mo gbọ́.

"O rí i fúnra rẹ? … Asẹ́ tìrẹ? … Ọlọ ńkọ́, ta ló gbé ọlọ lé e? … Hẹ̀n. … Ṣúgà? Kí ló ṣe elégédé?"

Wọ́n dá fóònù padà fún mi, ara wọn balẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n fa abọ́ pẹ́pẹ́yẹ mọ́ra, wọ́n ṣí i. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹsẹ̀ kejì ńkọ́?"

Bí wọ́n ṣe gba pẹ́pẹ́yẹ nìyẹn, tí wọn ò sì fi táàtì sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò mọ iye tí wọ́n ń ta ọ̀lẹ̀lẹ̀ òyìnbó, àmọ́ àwọn mọ iye tí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ jẹ́. Ìrẹsì àti kóró elégédé tí Ìyàwó fi iyọ̀ yan la fi ṣe Nọ́ẹ̀lì. Mo rò pé á sunkún nígbà tí mo ròyìn ata. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irú ata wo?" ó sì wá ìwé, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kìíní ọdún, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí Àlájà fi dé. Wọ́n ní kí a gbé elégédé kejì wá lódidi. Wọ́n kàn án, wọ́n yí i, wọ́n ní kí a là á lójú wọn. Wọ́n wá fa àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, wọn ò sì dìde títí ẹran màlúù, kárọ́ọ̀tì, ànàmọ́ òyìnbó, kábéèjì, makarónì àti ata rodo odindi fi wọlé tọ̀ ọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi Ìyàwó: irú dà? Ìyá wa ní àwọn náà ti ń bi í láti àárọ̀.

Àwọn tọkọtaya ti padà sí Montréal. Abọ́ táàtì ṣì wà lọ́dọ̀ Àlájà, àwọn adìyẹ ń mumi nínú rẹ̀. Mo lọ bi wọ́n léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kí ẹni tó ni í wá mú un fúnra rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kó sì kọ 8 sí i lórí.