Kí Ẹ Tó Pe Ọmọ Yín Ní Olódo Nínú Ìṣirò

Tíṣà ìṣirò ni mí ní Ṣàgámù. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi, tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú gbọ́, ni pé máàkì ọmọ kì í sọ ohun tó mọ̀ nìkan. Ó tún ń sọ bó ṣe sapá tó lọ́jọ́ ìdánwò.

OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ajé, ló ni ìdánwò PISA, tí àwọn ọmọ ọdún 15 ti ń ṣe káàkiri ayé láti ọdún 2000. Ìjọba a máa gbé èsì rẹ̀ gẹ̀gẹ̀, àmọ́ ọmọ tó ṣe é kò lè fi wọ ilé ìwé kankan. Lọ́dún 2012, ìlú Shanghai ní Ṣáínà ló ṣe ipò kìíní nínú ìṣirò, Amẹ́ríkà ṣe ipò 36. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, Uri Gneezy, John List àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wá gbé ìbéèrè 25 fún àwọn ọmọ girama níbi méjèèjì, ìṣẹ́jú 25 péré. Kí àwọn kan tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn lówó, dọ́là 25 ní Amẹ́ríkà: èyí tí wọ́n bá ṣì tàbí tí wọ́n fò, dọ́là kan á kúrò níbẹ̀. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó gbowó dáhùn ìbéèrè púpọ̀ sí i, wọ́n sì gba púpọ̀ sí i. Ti Shanghai kò yí padà. Ẹ rò ó wò: owó kò lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò lójú ẹsẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ti wà nínú wọn tẹ́lẹ̀! Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2019, wọ́n ṣírò pé irú ìsapá bẹ́ẹ̀ ì bá gbé Amẹ́ríkà láti ipò 36 dé bíi 19.

Mo rí i nínú kíláàsì tèmi. Ọmọbìnrin kan tó ń bá ìyá rẹ̀ ta gàrí lọ́jà Sábó fi gbogbo ìbéèrè èrè àti àdánù sílẹ̀ lófo. Mo bi í lẹ́nu, ó dáhùn gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Kí ló dé tí kò kọ ọ́? “Sà, mo rò pé wọn ò ní kà á mọ́ ti táàmù ni.”

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má wo máàkì nìkan, ẹ gba ìwé ìdánwò náà wò. Ọmọ kan lè gba gbogbo ohun tó kọ, kó sì dáwọ́ dúró ní ìdajì. Òmíràn kọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tó fi rí ìdáhùn, ó sì ṣì ìdajì. Máàkì kan náà ni wọ́n ní, àmọ́ ohun tí wọ́n nílò kò jọra. Ọ̀pọ̀ owó lẹ́sìnnì ló ń ṣòfò sórí ọmọ àkọ́kọ́ yẹn. Ẹ fún un ní àwọn ìbéèrè tó fò nílé, lẹ́yìn oúnjẹ, láìsí ìkánjú. Bó bá gbà wọ́n, kì í ṣe lẹ́sìnnì ló kù fún un. Ọmọ kejì ló yẹ kí ẹ tètè wá tíṣà fún.

Àwọn òbí kan ń bi mí bóyá kí wọ́n máa fi owó tan ọmọ. Èmi kò gbà wọ́n nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, nítorí ọjọ́ tí owó kò bá sí ńkọ́? Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò pé màá ka ìwé kálukú, màá sì dá a padà kíákíá. Ẹni tó bá fi àyè sílẹ̀ yóò tún un ṣe níwájú mi.

Bí ọmọ yín bá ń ṣe ìdánwò ìgbaradì WAEC lọ́wọ́, ẹ bi í lálẹ́ òní: ìbéèrè mélòó lo fi sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan, kí ló sì fà á?