Sáípírẹ́sì tí a gé lára ìyá kan

Ó di ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń tọ́jú nọ́sìrì igi nílùú Ìlọrin, mo sì ti ṣèlérí ẹ̀kọ́ méjì fún ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Pípo iyẹ̀pẹ̀ àti bíbomirin ti yé yín. Èkínní ni pé kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń tà: igi másíkúréèdì, igi gíga tẹ́ẹ́rẹ́ tí ewé rẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀, tí àwọn oníbàárà ń pè ní sáípírẹ́sì, kì í ṣe ẹbí sáípírẹ́sì gidi, tí ewé tirẹ̀ kéékèèké bí ìpẹ́, rárá.

Èkejì ló dùn mí jù. Ilé-ìwé kan ní ìhà Ọ̀fà ní kí n fi sáípírẹ́sì yí ọgbà òun ká, ọ̀gá ibẹ̀ sì tẹnu mọ́ ọn pé kí gbogbo wọn jọra bí ìbejì. Mo wá igi kan tó gún régé, tí ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, mo gé 400 ẹ̀ka lára rẹ̀, mo sì rì wọ́n sínú láílọ́ọ̀nù. Nígbà tí àwọn tó hù kò tó, mo fi mẹ́fà tí mo gbìn láti inú èso dí àlàfo. Àwọn mẹ́fà náà wọ́, ọ̀gá sì kọ̀ láti sanwó wọn.

Ní òjò ọdún kẹta, ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pupa rúsúrúsú, oje ń sun lára èèpo. Nígbà tí mo fi èékánná ha èèpo náà, abẹ́ rẹ̀ ti dà bí tábà gbígbẹ. Ẹ̀ka tí a gé kò ní àbùdá kankan ju ti ìyá rẹ̀ lọ, nítorí náà ohun tó lè pa ọ̀kan lè pa gbogbo wọn. A fa gbogbo àwọn tí mo gé lára ìyá kan náà tu. Ọ̀gá náà bú mi lójú àwọn olùkọ́ pé ayédèrú ni mo tà, kò sì rántí ìbejì mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà nínú mi.

Lẹ́yìn náà ni mo tó kà pé kòkòrò wíwẹ́ tó ń fa oje igi mu wọ Màláwì ní 1986, ó dé Kẹ́ńyà ní 1990, ó sì ba sáípírẹ́sì Mẹ́síkò tí wọ́n gbìn lọ súà níbẹ̀ jẹ́. Ti sáípírẹ́sì Tassili, ilẹ̀ olókùúta kan ní aṣálẹ̀ Àlùjíríà, tún lágbára jù: igi tó lé díẹ̀ ní 230 ló kù nínú aṣálẹ̀ náà, inú àtíkè akọ, ìyẹn ìyẹ̀fun tí ẹ̀yà akọ igi ń tú jáde, nìkan ni ọlẹ̀ inú èso rẹ̀ sì ti ń wá, ìyá kàn ń bọ́ ọ ni; òbí kan ṣoṣo ni ọmọ náà ní, bíi ti ẹ̀ka tí a gé.

Mẹ́rin nínú mẹ́fà tó wọ́ yẹn ṣì wà láàyè ní Ọ̀fà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín ń da àwọn ọmọ igi tó wọ́ sórí ààtàn kí èyí tó kù lè tò dọ́gba. Èmi ni mo lọ ṣà wọ́n padà lálẹ́, nítorí èso àwọn mẹ́rin yẹn ni.